Ẹni tó ń fún arúgbó lóògùn gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín nílé lóko. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n owó ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń dá lé: iye tí ẹ́jẹ́ǹtì gbà, iye tí wọ́n ń san fún wákàtí kan, ilẹ̀ bàbá tí wọ́n tà kí físà tó jáde. Èmi kò ní bá yín sọ̀rọ̀ owó. Nọ́ọ̀sì ni mí, inú ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni oògùn: ta ni ó ń fún àwọn arúgbó wọ̀nyí lóògùn, báwo ni ó ṣe kọ́ ọ, ta ni ó ń ṣọ́ ọ, kí ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Oríṣi ilé méjì ló wà níbí. Ọ̀kan ni èyí tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìkejì, tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló máa ń yà síbẹ̀ láti gún wọn lábẹ́rẹ́ tàbí láti wẹ egbò, dókítà àdúgbò sì ń mójú tó ìlera wọn láti òde. Nínú ilé kejì yìí, olùtọ́jú tí a ń pè ní kẹ́rà ni ó ń fúnni lóògùn. Ó lè jẹ́ ẹni tó kàwé ìṣírò owó ní Ilé-Ifẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún gbọọrọ ní Adó-Èkìtì. Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́, èmi náà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́ ọ dáadáa, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ lóun nìkan, tí wọ́n sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ohun tí ìlànà àjọ NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2014 béèrè fún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mi wà lórí ìgbà tí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí a ki oògùn bọ arúgbó lẹ́nu kí a sì bu omi fún un mu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àárọ̀ ọjọ́ kan ti máa ń rí. Levothyroxine, tí àwọn tí táíróòdù wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ń lò, gbọ́dọ̀ ti wọ inú wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun. Alendronic acid, tí ó wà fún egungun tó ti ń fọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, láìtíì jẹun, pẹ̀lú omi ife kan gbáko, ẹni tó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ jókòó ṣánṣán tàbí kí ó wà lórí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí oògùn náà má bàa há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí ó dá egbò síbẹ̀. Ẹni tí àìsàn Parkinson ń bá jà kò gbọ́dọ̀ dúró de levodopa rẹ̀ títí tí wọn yóò fi parí tàwọn tó kù, nítorí bí ó bá pẹ́, ara rẹ̀ lè gan, kí ó má lè rìn, kí ó má lè gbé oúnjẹ mì; ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ Parkinson's UK fi ti ń polongo láti ìgbà pípẹ́ wá pé kí wọ́n máa fún wọn ní àsìkò rẹ̀ gan-an. Warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ń bẹ ní oríṣiríṣi àwọ̀: oní-miligíráàmù 1 jẹ́ búráùn, oní-3 jẹ́ búlúù, oní-5 jẹ́ píǹkì, ìwọ̀n tí ẹnì kan yóò sì lò lónìí lè yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀. Methotrexate tí wọ́n ń lò fún oríkèé ríro, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì í fúnni lójoojúmọ́ lè pa ènìyàn. Paracetamol pàápàá, tí gbogbo wa ń fojú kéré, kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 oní-miligíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24, ó kéré tán wákàtí 4 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà kan sí èkejì. Kẹ́rà tí kò mọ̀ pé paracetamol wà nínú co-codamol, oògùn ìrora mìíràn, lè fún arúgbó kan ní méjèèjì pa pọ̀ láìfura. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ìrora líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, irú bíi fentanyl. Bí ẹnì kan bá lẹ tuntun mọ́ ọn láìṣí ti àtijọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, oògùn méjì ni yóò máa wọ ara ẹni kan ṣoṣo, mímí rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró lójú oorun.

Gbogbo èyí ni kẹ́rà kan yóò ṣe fún ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn, bí aago ìpè ti ń dún ní yàrá kan, tí tẹlifóònù ń ké ní ọ́fíìsì, tí ọmọ ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ mọ ìdí tí ìyá òun fi wọ aṣọ ẹlòmíràn. Àwọn ilé kan máa ń wọ ẹni tó ń pín oògùn ní aṣọ pupa tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì péré bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, aṣọ pupa kò ní ran ẹni tó ṣubú sílẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ lọ́wọ́ láti dìde.

Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ oògùn sí ni wọ́n ń pè ní MAR. Orúkọ àgbàlagbà náà wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti àsìkò rẹ̀. Ẹni tó fún un lóògùn yóò fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ó gbé e mì, kì í ṣe ṣáájú. Ìyá oníṣòwò tó bá jẹ́ kí ọjà kúrò lórí àtẹ láìkọ ọ́ sínú ìwé àwìn lójú ẹsẹ̀ kò ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó bó bá di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyè òfìfo nínú MAR ṣe ń da ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni láàmú. Ṣé arúgbó yìí ti lo oògùn ọkàn rẹ̀ àbí kò tíì lò ó? Bí ó bá tún fún un, ó lè jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí kò bá fún un, ó lè jẹ́ pé kò rí oògùn kankan lò lọ́jọ́ yẹn. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kọ ọ́ báyìí, ẹ̀rọ náà yóò sì han bí wọ́n bá gbàgbé ẹnì kan. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ ju bébà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé hóró oògùn náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ohun 6 ni ìlànà NICE kà pé ó gbọ́dọ̀ tọ́ nígbàkigbà tí a bá ń fúnni lóògùn: ẹni tó tọ́, oògùn tó tọ́, ọ̀nà tó tọ́, ìwọ̀n tó tọ́, àsìkò tó tọ́, àti ẹ̀tọ́ tí àgbàlagbà náà ní láti kọ̀ ọ́. Ìkẹfà yẹn ni ó máa ń ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá jù. Nílé wa, kò sí ẹni tó ń gba àṣẹ kí ó tó lọ oògùn mọ́ ẹ̀kọ fún ìyá àgbà tó ń ṣagídí, wọn yóò tilẹ̀ ní ọmọ dáadáa ni. Níbí, òfin tó dé ní ọdún 2005 lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé sọ pé ẹni tó bá lóye ohun tó ń ṣe lè kọ oògùn rẹ̀, kódà bí kíkọ̀ náà yóò bá pa á lára. Bí òye rẹ̀ kò bá sì gbé e mọ́, dókítà, apòògùn, ilé ìtọ́jú àti ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ jókòó, kí wọ́n gbà pé ohun tó dára jù fún un ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀. Apòògùn ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn. Bí a bá fọ́ wọn, gbogbo agbára wọn yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí ọmọ tó ní inú rere, tó fẹ́ràn bàbá tó ń tọ́jú bí ẹni pé òun ló bí i, tó ń fọ́ oògùn sínú yọ́gọ́ọ̀tì fún un láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ohun tó ń ṣe lòdì sí òfin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sanwó fún jáde lórí àgbàlagbà 256 tó ń gbé nínú ilé 55. Oríṣi oògùn 8 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń lò bí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ènìyàn 7 nínú 10 ni àwọn olùwádìí sì rí àṣìṣe kan ó kéré tán nínú ọ̀ràn oògùn wọn. Kì í ṣe àwọn kẹ́rà nìkan ni àṣìṣe náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Dókítà kọ òmíràn ní àṣìkọ, ilé ìtajà oògùn dì òmíràn ní àṣìdì, àwọn oògùn kan sì wà tó yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni wò nítorí wọn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ bí dókítà bá ṣàṣìkọ tí apòògùn kò sì rí i, kẹ́rà tó di hóró náà mú ni ẹni ìkẹyìn tó lè dá a dúró kí ó tó wọ ẹnu.

Ní ọdún kan náà, ìròyìn mìíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee kọ fún ìjọba yẹ àwọn oògùn ọpọlọ tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé wò, oògùn tó máa ń mú wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́ sórí àga. Ó fojú dá a pé nǹkan bí 180,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló ń lò ó lọ́dún, pé nǹkan bí 36,000 péré nínú wọn ni ó ń ṣe láǹfààní, àti pé nǹkan bí ikú 1,800 ni ó ń fà kún iye ikú lọ́dọọdún. Wọ́n ti dín ìlò rẹ̀ kù láti ìgbà náà wá. Síbẹ̀, ilé tí òṣìṣẹ́ kò bá tó sí ni irú oògùn yìí máa ń dùn mọ́ jù, nítorí arúgbó tó ń sùn kì í rìn gbéregbère, kì í sì í tẹ aago.

Ọ̀ràn Orchid View, ní Copthorne, ní West Sussex, ni mo máa ń sọ fún àwọn tuntun tí mo bá ń kọ́. Ilé ìgbàlódé ni, ó lẹ́wà lójú, ilé iṣẹ́ Southern Cross ni ó ni ín. Wọ́n ṣí i ní 2009, ó sì ti wà ní títì pa ní 2011. Nígbà tí adájọ́ tó ń wádìí ikú parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 lórí ikú ènìyàn 19 tó gbé ibẹ̀, ó ní gbogbo wọn ni wọn kò rí ìtọ́jú tó yẹ gbà, ó sì ní àìkọbiara sí wọn wà lára ohun tó fa ikú 5 nínú wọn. Oògùn tí wọ́n ṣì fúnni àti ìwé oògùn tí kò ṣeé gbára lé wà lára ohun tó tú jáde. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun méjì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìkíní ni pé àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú, tí wọ́n ń pè ní CQC, ti fi ìwọ̀n "dáadáa" fún ilé yìí ní 2010. Ìkejì ni pé kì í ṣe olùbẹ̀wò ló tú àṣírí náà. Òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ ni. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kí òun ba ìwé oògùn kan jẹ́, ó kọ̀, ó sì lọ bá ọlọ́pàá.

Ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn ni obìnrin náà. Bí ó bá pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, kò sí ẹni tí yóò lé e kúrò nílùú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà, Olóòtú.

Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn kẹ́rà láti òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n ní kí àwọn tuntun má mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó wà ní òkèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọlé ṣì wà níbí, físà wọn sì so mọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mú wọn wá. Bí ilé iṣẹ́ náà bá lé ẹnì kan, tàbí tí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó di ẹrù rẹ̀. Àbá lásán kọ́ ni mò ń sọ: láàárín oṣù keje ọdún 2022 sí ìparí ọdún 2024, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú tó ju 470 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀ràn náà kàn sì ju 39,000 lọ.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo mọ̀, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí n kò sì ní dárúkọ ilé tó ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ó wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì dáhùn ìbéèrè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀; ó yege, ìwé ẹ̀rí jáde láti inú ẹ̀rọ, nígbà tó sì di alẹ́ wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kan tẹ̀ lé òun yípo fún ọjọ́ díẹ̀. Èsì tí máníjà fún un ni pé ṣé kí àwọn kọ̀wé sí ìjọba pé kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá ni. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn bàbá wa ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè nínú ilé yẹn lè ṣìnà títí dé pápákọ̀ òfuurufú. Kò tún wá ràn wá lọ́wọ́ pé wọ́n tọ́ wa láti kékeré pé a kì í wojú ẹni tó jù wá lọ kí a sọ pé rárá. Máníjà oyinbo kò mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" tí ọmọ wa ń sọ, ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe pé ohun tí wọ́n wí ti yé e.

Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, ẹrù náà wúwo. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn bí ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú bá mọ̀ọ́mọ̀ fìyà jẹ ẹni tó ń tọ́jú tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 5. Àṣìṣe tí kò ti ọkàn wá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di ọ̀ràn ni kí ẹnì kan mọ̀ pé òun ti ṣì oògùn fúnni, kí ó dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù físà, kí ó wá fọwọ́ sí àyè tó ṣófo nínú MAR ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí arúgbó náà bá dákú, dókítà yóò máa wá àìsàn tí kò sí níbẹ̀, nítorí ohun tí ó kà nínú ìwé ni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣé àjọ CQC kò lè rí èyí ni? Ó yẹ kí ó rí i. Òun ni ó ń fi orúkọ ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bẹ̀ wọ́n wò, tó sì lè tì wọ́n pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Penny Dash yẹ àjọ náà fúnra rẹ̀ wò ní 2024, ó rí i pé nǹkan bí àyẹ̀wò 7,000 péré ni wọ́n ṣe ní ọdún 2023 sí 2024, nígbà tí ó ju 15,000 lọ ní ọdún 2019 sí 2020, àti pé nǹkan bí 1 nínú 5 àwọn ibi tó wà lábẹ́ wọn kò tíì gba ìwọ̀n kankan rí. Wes Streeting, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ lójú gbogbo ayé pé àjọ náà kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Bí àwọn olùbẹ̀wò bá tilẹ̀ wá, ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń wá, ìwé ni wọ́n ń kà, máníjà ni yóò sì mú wọn yípo. Wọn yóò ka iye morphine, oògùn ìrora líle, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, wọn yóò fi wé ìwé tí ènìyàn méjì fọwọ́ sí, wọn yóò wo ìwọ̀n òtútù fíríìjì bóyá ó wà láàárín 2 sí 8. Gbogbo rẹ̀ dára. Ìwé ẹ̀rí ọ̀dọ́kùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò wà nínú fáìlì níbẹ̀ pẹ̀lú, yóò mọ́ tónítóní, olùbẹ̀wò yóò sì sàmì sí i.

Àwọn tó ni ilé ìtọ́jú, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, yóò sọ pé owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń san lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan kò tó, pé òṣìṣẹ́ kò ṣeé rí. Mo gbà. Ìṣòro gidi ni, èmi náà sì ti ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì ní alẹ́ kan rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tẹ̀ lé ẹni tuntun yípo fún ọ̀sẹ̀ kan kò wọ́nwó tó owó agbẹjọ́rò. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ẹnu ẹni tó ń sọ Yorùbá sí ọmọ Yorùbá, tó sì fi "ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó mú ẹ wá síbí?" kún un.

Ohun tí mo fẹ́ kì í ṣe ohun tó le. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè so físà àwọn kẹ́rà mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú lápapọ̀ dípò kí ó so ó mọ́ ilé iṣẹ́ kan, kí ẹni tó bá kọ ohun tí kò tọ́ lè kó lọ sí ilé kejì láìsí ìfòyà. Títí tí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn olùbẹ̀wò CQC máa wá lóru, kí wọ́n máa bá àwọn tó ti òkèèrè wá sọ̀rọ̀ láìsí máníjà nítòsí, kí wọ́n sì sọ pé: fi bí o ṣe ń fúnni ní warfarin hàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ ọmọ náà tàbí wọn kò kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà nílé, bí ọmọ yín bá pè yín, ẹ má béèrè iye wákàtí tó ṣe nìkan. Ẹ bi í pé ṣé wọ́n ti fi oògùn lé e lọ́wọ́, ẹ sì bi í pé ta ni ó dúró tì í nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má sọ fún un pé kí ó fara dà á. Ilé àgbàlagbà kúkú ti ń pọ̀ sí i l'Ékòó náà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ níbí jẹ́ ẹni tí yóò wá máa fún ẹ̀yin lóògùn lọ́jọ́ kan.

Fún ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ náà mú lálẹ́ òní: bí o bá ṣì oògùn fúnni, pe dókítà tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, lójú ẹsẹ̀, bí ara ẹni náà bá ti yí padà, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí o pè, sọ ohun tí o fún un gan-an, iye rẹ̀ àti aago tí o fún un, jẹ́ kí máníjà mọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, má sì fọwọ́ kan àyè òfìfo tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀. Bí wọn kò bá tíì kọ́ ọ, kọ ọ́ sínú ímeèlì sí máníjà pé wọn kò tíì kọ́ ọ, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. O lè bá CQC sọ̀rọ̀ láìdárúkọ ara rẹ, òfin ọdún 1998 sì dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wàhálà tó dé, nítorí wọn kì í sábà gba ọ̀ràn tó ti ṣẹlẹ̀ kí o tó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Olóòtú, bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ojú ewé kan fún mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo ṣe tán láti máa ṣàlàyé oògùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọ wa ń bá pàdé níbí ní èdè Yorùbá, láìgba kọ́bọ̀. Warfarin ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan,
West Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.